Àmì Tí Adùnọlá Kò Tì

Kí agogo méjì ọ̀sán tó lù ni orúkọ àwọn ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kan gbà wọlé gbọ́dọ̀ wà lórí ayélujára, nítorí àkókò tí wọ́n dá fún àwọn òbí nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù tí Ọ̀gá Láníhùn ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkìrun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, Adùnọlá ló sì gbà á ṣe. Oṣù kẹta rẹ̀ rèé níbẹ̀. Àwọn ìdánrawò kéékèèké tí Ọ̀gá máa ń fún wọn, kọ àmì tó ṣí, kọ ọ̀rọ̀, kọ àmì tó tì í kí iṣẹ́ àmì náà lè dúró níbẹ̀, Adùnọlá kì í ṣe wọ́n. "Iṣẹ́ jéléósinmi" ló ń pè wọ́n.

Orúkọ mọ́kànlélógójì ló tẹ̀. Nígbà tí ó kù fẹ́ẹ́ kí agogo méjì lù ni olùkọ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà pè é pé ọmọ kẹrin lórí ìwé orúkọ ti kó lọ sí Ìlọrin, kí ó fagi lé orúkọ rẹ̀. Adùnọlá fi àmì ìfagilé síwájú orúkọ náà, ó gbé e sórí ayélujára, kò tún un wò.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi já wọlé, gèlè lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù lọ́wọ́ òsì.

"Ẹ gbà mí o! Kí lọmọ mi ṣe tí ẹ fi fagi lé e? Mo mà ti rán unifọ́ọ̀mù ẹ̀!"

Lójú fóònù rẹ̀, láti orí ọmọ kẹrin títí dé ìsàlẹ̀, ìlà ti gba àárín gbogbo orúkọ.

Adùnọlá yíjú sí Ọ̀gá. "Bọ́láńlé ni, sà! Òun ló dé ìdí kọ̀ǹpútà mi nígbà tí mo lọ mu omi."

Gbogbo wọn ló mọ òfin ṣọ́ọ̀bù: ẹni tó bá ba iṣẹ́ ẹlòmíì jẹ́, ilé ló ń lọ. Bọ́láńlé, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, bú sẹ́kún.

"Àǹtí mi, mo kàn nu eruku ojú ẹ̀ ni."

"Kí n tó lé ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ n wò ó," ni Ọ̀gá wí. Ó ṣí iṣẹ́ náà. "Adùnọlá, ta ló kọ àmì tó ṣí yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Èyí tó tì í ńkọ́?"

"Mi ò kọ ọ́, sà."

"Hẹn-ẹ́n!" ni ìyá ọmọ wí.

"Bọ́láńlé, wá bá a tì í," ni Ọ̀gá wí.

Bọ́láńlé nu ojú, ó tẹ lẹ́tà àti àmì mẹ́rin péré sẹ́yìn orúkọ ọmọ kẹrin. Ìlà kúrò lórí gbogbo àwọn tó kù.

Ní báyìí, Bọ́láńlé ló ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ìdánrawò ọjọ́ kìíní, Adùnọlá sì ń bá wọn ṣe é. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ di ẹ̀bi ru ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, òwe tí wọ́n ń pa fún un ni pé: ẹni tó gbàgbé láti tilẹ̀kùn kì í pe ará ilé lólè.