Adìẹ Tó Jẹ́rìí Níwájú Ìsọ̀ Olóyè

Olóyè Látúndé nìkan ló ń ta oúnjẹ adìẹ nílùú wa, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Wúràọlá opó yan àpò tó dínwó jù lọ́dọ̀ rẹ̀, àmọ́ ńṣe làwọn adìẹ rẹ̀ méjìlá ń rù sí i. Nígbà tó lọ fẹjọ́ sun Olóyè pé oúnjẹ náà kò dára, Olóyè ní, “Jẹ́ kí adìẹ rẹ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, màá pààrọ̀ àpò náà.” Wúràọlá dúpẹ́, ó lọ sílé. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, ó gbé àgbébọ̀ kan wá síwájú ìsọ̀ níbi tí èrò pọ̀ sí, ó ní, “Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín bu oúnjẹ yín fún un.” Olóyè bù ú. Àgbébọ̀ fi ẹsẹ̀ tú u ká, ó ṣa ìwọ̀nba àgbàdo tó wà níbẹ̀ jẹ, ó sì fi òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó sílẹ̀ lójú gbogbo oníbàárà. Wúràọlá ní, “Ó ti sọ ọ́, Olóyè.” Àpò gidi méjì ni Olóyè fi bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Wúràọlá fi dúró de ọjọ́ ọjà kí ojú lè pọ̀, nígbà tó sì kó àpò méjèèjì délé, àgbébọ̀ tó gbé sábẹ́ apá nìkan ló kù láàyè nínú méjìlá náà tí yóò jẹ oúnjẹ inú wọn.