Asẹ́ Epo Tuntun Méjì

Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá ìyàwó Adégòkè kò ti fojú kan àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ṣakí. Adégòkè ló ní òun yóò gbé bàbá lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó, epo díísù ló ń lò, ìdọ̀tí sì ti dí asẹ́ epo rẹ̀ méjèèjì débi pé kò lè gun òkè mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, Adégòkè yọ asẹ́ méjèèjì, ó fi tuntun rọ́pò wọn, ó sáré wọnú ọkọ̀, ó ṣáná sí i. Ọkọ̀ kò dáhùn. Ó ṣáná títí bátìrì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ojú tì í.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti ba ìrìn àjò yín jẹ́."

Bàbá, tó ti wa katakata rí, rẹ́rìn-ín. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ mi. Atẹ́gùn ló wọlé nígbà tí o ń pààrọ̀ asẹ́, ó sì há sójú ọ̀nà epo. Tú nọ́ọ̀tù orí asẹ́ yẹn díẹ̀, kí o máa fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù epo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́."

Adégòkè ń tẹ̀ ẹ́. Epo kọ́kọ́ ń hó jáde bí ọṣẹ. Nígbà tó yá, ó mọ́ gaara. Adégòkè de nọ́ọ̀tù padà, ó ṣáná lẹ́ẹ̀kan péré, ọkọ̀ sì bú ramúramù.

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó dé Ṣakí. Àbúrò bàbá dìde lórí ẹní, ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbágbáágbá, kò sì rántí bi wọ́n léèrè ohun tó mú wọn pẹ́.