Bí Abẹ́-Ewé Ṣe Kúrò Nínú Owó Ẹyọ

Ààlọ́ o!

(Ààlọ̀!)

Ṣé ẹ kò tíì jẹun ni? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín dáadáa. Ààlọ́ o!

(Ààlọ̀!)

Àlọ́ mi gbéra níhìn-ín, ó fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó ré odò kọjá, ó bà sórí Òkété, ará ìlú Abẹ́-Ewé. Ó tún bà sórí owó ẹyọ tó dá gbogbo ìlú náà láàmú.

Ẹ sún mọ́ mi. Ìyá bàbá mi ló pa àlọ́ yìí fún mi lórí ẹní, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí eyín ṣì pé sí mi lẹ́nu. Bí ó bá dé ibi orin, á máa wo ọ̀nà oko bí ẹni tó ń retí èèyàn. N kò mọ ẹni tó ń retí nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń kọ́lé, tí wọ́n ń dáko, ìlú méje ló yí odò ńlá kan ká. Owó kan ṣoṣo ni ìlú méjèèje ń ná, owó ẹyọ, funfun, tó ń dán, tí wọ́n ń sín sínú okùn. Ààfin Erin, ọba Òkè-Àràbà, ni owó náà ti ń jáde. Bí o bá ti so okùn owó ẹyọ kan mọ́dìí, ìlú tó bá wù ọ́ lo lè lọ. Wọn á tà fún ọ, wọn á fún ọ níbùsùn. Ní ọjọ́ ọjà, etí odò á kún fọ́fọ́. Wọ́n ní téèyàn bá dúró lókè, ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ gbọ́, kó tó gbọ́ ariwo títà àti rírà.

Abẹ́-Ewé ni ìlú tó kéré jù nínú méjèèje. Ẹtu ni ọba wọn. Olú àti oyin ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, kò sì sí ìlú tó ní olú bíi tiwọn.

Àfi bí òjò ṣe kọ̀ tí kò rọ̀. Ọdún kan. Ọdún méjì. Ọdún mẹ́ta. Olú kò hù mọ́. Afárá gbẹ. Lọ́dún kìíní, wọ́n yá owó lọ́wọ́ Erin láti fi ra iṣu. Lọ́dún kejì, wọ́n yá òmíràn láti fi ra èbù. Lọ́dún kẹta, wọ́n yá owó láti fi san owó tí wọ́n yá.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Àwọn kò rẹ́rìn-ín o.

Ní ọjọ́ kan, Lékèélékèé, ìránṣẹ́ Erin, dé sí ààfin Ẹtu. Ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, Bàbá ní kí n kí yín. Ó ní gbèsè ti pọ̀ jù. Láti òní lọ, kí ará Abẹ́-Ewé máa dáná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Iṣu tí ẹ ń pín fún àwọn arúgbó, kí ẹ dá a dúró. Igbó tí ẹ ti ń fa oyin, kí ẹ fi ṣe ohun ìdógò. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ó ní kí ẹ jáde nínú owó ẹyọ, kí ẹ wá owó tiyín ná."

Ẹtu gbọ́ iṣẹ́ náà tán. Ó pe ìlú jọ.

Ìlú pín sí méjì lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní kí wọ́n kúrò, kí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Àwọn mìíràn ní bí wọ́n bá kúrò, ta ló máa bá wọn tajà? Ìyá Ìgbín, tó dàgbà jù ní ìlú, fà wá sí àárín. Ó pẹ́ kó tó débẹ̀. Gbogbo wọn sì dúró dè é.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "nígbà tí mo wà lọ́mọge, ìyá mi fún mi ní okùn owó ẹyọ kan. Ó fi òwú aláró sín in. Owó yẹn ni mo mú rin ìlú méjèèje. Ìlú kẹrin ni mo ti pàdé ọkọ mi. Ẹ wò ó, n kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe na owó mi sí ìyá kan, ó ní, 'Ọmọ mi, wọlé, o ti rìn jìnnà.' Gbèsè yìí ń pa wá, mo mọ̀. Kí a lọ bẹ Erin. Ẹ má jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa."

Àwọn kan ń nu ojú.

Ibẹ̀ ni Òkété ti dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan tí ará ìlú kò mọ̀ fún yín. Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà, Òkété ti ń ṣa èkùrọ́ kiri. Gbogbo ìdí ọ̀pẹ ló dé. Ẹmọ́, ìyàwó rẹ̀, bi í pé, "Olówó orí mi, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe? A kò lè jẹ ẹ́ tán láéláé." Òkété ní, "Dákẹ́. Owó ni."

Nígbà tó dìde láàárín ìlú, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọba, ó ní, "Kábíyèsí, Ìyá sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ kú ọ̀rọ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n ta ni Erin tí yóò sọ iye ìgbà tí a ó jẹun fún wa? Èkùrọ́ wà nílẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ di owó wa." Ló bá gbé orin. Ẹ bá mi gbè é. Tẹ̀rẹ̀ jọ́njọ́ lẹ ó máa wí.

Èkùrọ́ kì í ṣe ti Erin o,
(Tẹ̀rẹ̀ jọ́njọ́)
Orí ọ̀pẹ wa ló ti wá,
(Tẹ̀rẹ̀ jọ́njọ́)
Ẹ dáná lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́,
(Tẹ̀rẹ̀ jọ́njọ́)
Gbèsè á fò lọ bí ẹyẹ,
(Tẹ̀rẹ̀ jọ́njọ́)

Orin náà dùn. Ebi sì ń pa wọ́n. Wọ́n ń jó.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣì ń ṣiyè méjì. Òkété rí i lójú wọn. Ló bá ní, "Kábíyèsí, ẹ má jẹ́ ká máa pariwo lé ara wa lórí. Lọ́la, ẹni tó bá fẹ́ ká dúró nínú owó ẹyọ, kó dúró sábẹ́ igi ọ̀dán, níbi òjìji. Ẹni tó bá fẹ́ ká kúrò, kó dúró sínú oòrùn. Àárọ̀ kùtù ni ká ṣe é, kí kálukú lè tètè lọ sóko."

Ọba ní ó dáa.

Ẹ mọ àkókò tí a wí yìí? Ọyẹ́ ni! Ọyẹ́ tó ń la ètè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ń gbọ̀n. Ẹni tó fẹ́ dúró nínú owó ẹyọ dé abẹ́ ọ̀dán, òtútù mú un, ó ní òun á kàn yá oòrùn díẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí ọba tó jókòó tán, inú oòrùn ni gbogbo ìlú wà. Ìyá Ìgbín àti arúgbó méjì nìkan ló kù lábẹ́ igi.

Òkété ní, "Kábíyèsí, ojú yín rí i."

Báyìí ni Abẹ́-Ewé ṣe kúrò nínú owó ẹyọ.

Wọ́n fi Òkété ṣe olùpàṣípààrọ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ìlú kó owó ẹyọ wọn wá, kí ó máa fún wọn ní èkùrọ́ mẹ́wàá fún owó kan, kí ó sì bá ìlú tọ́jú owó ẹyọ náà. Wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ síwájú ilé rẹ̀. Ìyá Ìgbín ló dé kẹ́yìn. Ó gbé okùn aláró náà kalẹ̀, kò tètè fi í sílẹ̀.

"Òkété ọmọ mi, ṣé èyí náà?"

"Òfin ìlú ni, Ìyá. Ẹ má bínú."

Ó fi í sílẹ̀. Kò gba èkùrọ́ kankan. Ó fà lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dùn. Ìkòkò ń hó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ni èkùrọ́? Gbogbo ìdí ọ̀pẹ ló wà. Àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀, ó lọ ń ṣa owó. Ahunṣọ fi òfì sílẹ̀, ó lọ ń ṣa owó. Iṣu tó jẹ́ èkùrọ́ mẹ́wàá lónìí di ogún lọ́la, ó di apẹ̀rẹ̀ kan. Nígbà tó yá, kò sí iṣu. Ebi wá pa wọ́n débi pé wọ́n ń pa owó wọn jẹ. Àwọn ọmọ ọba jẹ ilé ìṣúra bàbá wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta!

Wọ́n gbé èkùrọ́ lọ sọ́jà etí odò. Àwọn ará ìlú mẹ́fà yòókù wò wọ́n. "Kí la fẹ́ fi eléyìí ṣe? Ó wà nídìí ọ̀pẹ tiwa náà." Wọn kò bú wọn. Wọ́n kàn yí ojú kúrò. Ìyẹn dùn wọ́n ju èébú lọ. Láti ọjọ́ náà, tí ọjọ́ ọjà bá pé, àwọn ará Abẹ́-Ewé á jókòó sórí àpáta ní òdìkejì odò, wọn á máa fetí sílẹ̀. Ọ̀kan á ní, "Ẹ gbọ́, ohùn Awó, oníbàárà wa, nìyẹn, ó ń ta ata." Òmíràn á ní, "Ṣé ó ń béèrè wa?"

Nígbà tó sú ọba, ó ránṣẹ́ sí Òkété. "Kó owó ẹyọ ìlú jáde. A fẹ́ lọ bẹ Erin."

"Lọ́la, Kábíyèsí," ni Òkété wí.

Ó délé, ó ní, "Ẹmọ́, dìde. Òkè-Àràbà là ń lọ. Pẹ̀lú owó tó wà lọ́wọ́ mi yìí, a ó kọ́lé nítòsí Erin."

Ẹmọ́ wò ó. "Owó Ìyá Ìgbín wà níbẹ̀."

"Ó ti dàgbà. Kí ló fẹ́ rà?"

"Ẹ máa lọ," ni Ẹmọ́ wí. "Èmi kò lọ."

Òkété kò lè ru àpò, wọn á rí i. Ó ki owó ẹyọ sẹ́nu. Ó ki í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ki í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó kì, ó kì, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi tó àgbọn méjì. Ọ̀sán gangan, nígbà tí ìlú wà lórí àpáta, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ sódò.

Akàn ló ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń la odò kọjá. Onínúure ni. Òun náà ló sì ń tọ́jú eyín fún gbogbo èrò. Kò sí ẹni tó ń kọjá tí kì í fi orin kí, èrò á sì fi orin dáhùn.

Ta ló ń bọ̀ lódò mi o?
(Èmi ni, Akàn, èmi ni)
Ọmọ ìlú wo lo jẹ́ o?
(Èmi ni, Akàn, èmi ni)

Akàn kọ ọ́. Òkété dákẹ́. Ó tún un kọ. Òkété ní, "Hùn-ún."

Akàn yọjú. "Háà! Òkété! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ rèé? Eyín ń pa ọ́ kú lọ!"

Òkété ń mi orí, "Hùn-ún! Hùn-ún!"

"Má sọ̀rọ̀, má sọ̀rọ̀, mo mọ bó ṣe ń ro. Kò ní pẹ́." Akàn fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó fún un pìn-ín.

Òkété lanu, ó kígbe. Owó ẹyọ tú jáde, wàrà, wàrà, wàrà! Ó ń bọ́ sórí òkúta, ó ń bọ́ sínú omi. Akàn fò sẹ́yìn. "Irú eyín wo nìyí?"

Àwọn tó wà lórí àpáta gbọ́. Wọ́n sáré wá. Wọ́n ṣa èyí tí wọ́n rí ṣà, ṣùgbọ́n odò ti gbé ìdajì lọ. Wọ́n wá okùn aláró títí, wọn kò rí i. Ìyá Ìgbín ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ó ti bá omi lọ."

Òun àti Ẹtu ló gbé ìyókù tọ Erin lọ. Erin ti ń darúgbó. Ẹtu dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ìlú mi kò kórìíra yín. Òtútù ló mú wa lọ sínú oòrùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún ní kí arúgbó má jẹun, a ó tún lọ."

Erin ní kí Ẹtu dìde. Ó wo Ìyá Ìgbín. "Láti ìgbà tí ẹ ti lọ," ó ní, "n kò tíì rí olú jẹ. Ọjà kò sì dùn. Mo rò pé gbèsè nìkan ni mò ń wò. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń lé." Ó dárí ìdajì gbèsè jì wọ́n. Ó ní kí wọ́n fi oyin san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iṣu àwọn arúgbó.

Wọ́n padà sínú owó ẹyọ. Lọ́dún náà, òjò rọ̀. Wọ́n gbé olú lọ sọ́jà, àwọn Awó sáré pàdé wọn, wọ́n dì mọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìgbín rí i pé wọ́n ti ń ka owó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í kà á rárá. Ó ra ata, ó dúpẹ́, ó jókòó títí ọjà fi tú.

Ti Òkété ńkọ́? Ìtìjú ò jẹ́ kó lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gbẹ́ ihò, ó wọlẹ̀, kì í jáde mọ́ lọ́sàn-án. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀ kò súnkì padà mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété fi dà bí àpò títí dòní. Bí ẹ bá sì gbẹ́ ihò rẹ̀, èkùrọ́ lẹ ó bá níbẹ̀, èyí tí kò rí ná.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ gbọ́ ahọ́n mi bó ṣe ń ta: tó, tó, tó. Ó ṣì ń ta. Ẹ lọ sùn.