Irú Tí Ìgè Gbé Bọ̀ Wálé

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Àlejò lójú, kò fi ríran." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Ta ni kò tíì gbọ́ ọ? Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ìyá ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi, nígbà tí eyín rẹ̀ kù díẹ̀ kó tán, bí tèmi náà ṣe rí báyìí. Bí mo bá rẹ́rìn-ín lónìí, ẹ ó rò pé ọgbà tí ewúrẹ́ ti já wọ̀ ni ẹnu mi.

Ohun tó rán mi létí ìtàn náà ni ọmọ ọmọ mi, Ìtùnú, tó lọ ṣeré ní Èkó. Ó dé, ó ń fi fọ́tò hàn mí nínú fóònù. Òun rèé níwájú afárá, òun rèé níwájú ilé alájà gogoro, òun rèé létí òkun, tó na ètè síwájú bí ẹni tí oyin ta. Mo ní, "Ìtùnú, kí ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ níbẹ̀?" Ó ní, "Màmá, òtẹ́ẹ̀lì la ti ń jẹun." Mo ní, "Ta lo wá mọ̀ níbẹ̀?" Ó ronú títí, ó dárúkọ ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Mo rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi, torí mo rántí Ìgè.

Ará abúlé Ìdí-Irúgbá ni Ìgè. Igi irú ló yí abúlé náà ká, irú ṣíṣe sì ni iṣẹ́ obìnrin ibẹ̀. Òórùn irú ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò káàbọ̀ kí onílé tó yọjú. Ọyádùnní ni orúkọ ìyàwó Ìgè. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, Àwẹ̀ró. Ọyádùnní kọ́ ọmọ yìí ní irú ṣíṣe, ó sì kọ́ ọ bí òun ṣe ń pọ́n ọn. Okùn ni àwọn yòókù fi ń dì í. Ọyádùnní kì í fi okùn dì í ní tirẹ̀. Ẹ̀yìn ewé ló máa ń kọ sínú, tí ojú ewé á wà níta, á wá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì gún un kí wọ́n dábùú ara wọn. A máa ní, "Bí ọ̀kan bá yọ lọ́nà ọjà, èkejì á dúró." Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ju ìyá àti ọmọ yìí lọ.

Àwẹ̀ró ń fọ irú lódò lọ́jọ́ kan nígbà tí ogun dé. Igbá irú ni wọ́n bá tó léfòó lójú omi. Wọn kò rí ọmọ.

Ọdún gorí ọdún. Ìgbà tó yá, oníṣòwò obì kan kọjá, ó ní ìlú ńlá ni wọ́n kó àwọn ẹrú ogun yẹn lọ. Ẹ má bi mí ní orúkọ ìlú náà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ pọ̀ láyé, n kò sì ní ẹsẹ̀ tí mo lè fi sá mọ́. Orúnkún Ọyádùnní ti wú nígbà náà, agbára káká ló fi ń dé ẹ̀yìnkùlé. Ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ̀yin lẹ máa lọ o. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ibikíbi tí ẹ bá ti rí èéfín ni kí ẹ yà. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ẹrú sí."

"Irú ọmọ bí Àwẹ̀ró? Pẹ̀lú ẹwà yẹn? Ààfin ni yóò wà. Olóyè kan á ti fi í ṣe aya."

"Èéfín ni mo wí. Mo tún un wí, èéfín."

"Mo ti gbọ́, ìyá aríwísí."

Ìgè yá agbádá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Agbádá náà gùn jù ú lọ, ó ń fi í gbá ojú ọ̀nà títí ó fi dé ìlú ńlá. Ilé Ládàpọ̀ ló wọ̀ sí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń wá ra iṣu ní Ìdí-Irúgbá. Ẹ sì mọ àṣà wa: àlejò kì í dá rìn. Onílé ló ń mú un kiri, onílé tó bá sì mọyì ara rẹ̀, iwájú ilé ló ń fi han àlejò. Ta ló ń mú àlejò lọ wo ààtàn? Ládàpọ̀ mú un lọ kí olóyè, ó mú un lọ sí ọjà ọba, ó mú un lọ sí ojúde ààfin. Ìgè ń la ẹnu. Wọ́n gbẹ́ obìnrin kan tó kúnlẹ̀ gbé igbá sára òpó ààfin. Ìgè fi ọwọ́ pa ère náà lójú, ó ní, "Ó jọ Àwẹ̀ró mi." Omi tilẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ilé olóyè tí wọ́n dé ló ti bèèrè bóyá ìyàwó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò sí.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ wo odi ìlú, ọ̀nà gba orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kọjá. Èéfín ń rú nísàlẹ̀ rẹ̀ létí odò. Ibẹ̀ ni wọ́n lé àwọn onírú lọ, kí òórùn wọn má bàa dé ojúde ọba. Òórùn náà gun òkè wá. Ìgè bá gbé ọwọ́ agbádá, ó fi bo imú.

Ẹ dákun, ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí! Ọmọ Ìdí-Irúgbá! Ẹni tí wọ́n fi irú tọ́ dàgbà, tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá fún aṣọ rẹ̀, omi irú ni yóò kán sílẹ̀!

Ohùn kan ké láti ìsàlẹ̀. "Bàbá! Bàbá mi o!"

Ìgè dúró. "Ta ni ìyẹn ń pè?"

Ládàpọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn onírú ni. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ agbádá ni bàbá wọn, kó ṣáà ti rà. Má wo ibẹ̀ jàre, ojú àlejò kì í débẹ̀. Òkè ọ̀hún ni kó o wò, ẹṣin ọba ń bọ̀!"

Ẹṣin ń bọ̀ lóòótọ́, dúdú, pupa, funfun, wọ́n wé nǹkan mọ́ wọn lọ́rùn bí ìyàwó tuntun. Ìgè wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá. Ọwọ́ agbádá kò kúrò ní imú rẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ padà sílé, ìyàwó Ládàpọ̀ gbé irú kan fún un. "Bàbá àlejò, obìnrin onírú kan ló ní kí n fún yín. Ó ní kí ẹ bá òun gbé e fún ìyá ilé."

"Ará ìlú yín mà lawọ́ o!" ni Ìgè wí. Ó sọ irú sínú àpò. Kò bèèrè ẹni tí obìnrin náà ń jẹ́. Kò bèèrè ohun tó mú kí onírú tí kò mọ̀ ọ́n rí mọ̀ pé ìyá wà nílé rẹ̀.

Ó délé, abúlé péjọ. Ó sọ ti ẹṣin, wọ́n ní "Hà!" Ó sọ ti òpó ààfin, wọ́n tún ní "Hà!" Ọyádùnní jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀, ó dúró títí àwọn èèyàn fi tú ká.

"Àwẹ̀ró ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀. Mo wo gbogbo ìlú."

"Ṣé ẹ yà síbi èéfín?"

"Èéfín wo? Ibẹ̀ ń rùn. Gba irú, onírú kan ló fi rán mi sí ọ."

Ọyádùnní gbà á, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì ni, wọ́n dábùú ara wọn. Ó ṣí etí ewé díẹ̀, ó rí i pé ẹ̀yìn ewé ló wà nínú. Ó gbé e sí imú, ó di ojú.

"Ta ló pọ́n irú yìí?"

"Mo ní onírú kan."

"Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"

"N kò rí ojú rẹ̀."

"O kò rí ojú rẹ̀." Kò pè é ní ẹ̀yin mọ́. "O rí ojú ẹṣin. O rí ojú igi. Ọmọ mi ló pọ́n irú yìí, Ìgè. Ìlú tó o ti ń bọ̀ ló wà."

Ìgè kò dúró mú agbádá. Ó sáré padà. Nígbà tó dé ìlú ńlá, kò ya ilé Ládàpọ̀, kò wo ààfin. Èéfín ló wò, ó sì tọ̀ ọ́ lọ. Ìyá arúgbó kan ló bá nídìí ìkòkò, tí èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ó kí i, ó bèèrè Àwẹ̀ró.

Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ ni bàbá rẹ̀? O ti bọ́ agbádá. Ó rí ọ lọ́jọ́ yẹn. Ó da irú nù, ó sáré gun òkè, ó kù díẹ̀ kó fọwọ́ kàn ọ́. Ó wá rí i pé o di imú, o kọjú sí ẹṣin. Ó sọ̀kalẹ̀ padà, ó ní, 'Bàbá mi gbọ́ ohùn mi, ó di imú.' Kò sunkún. Ì bá sunkún, ọkàn wa ì bá balẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, níbo ló wà?"

"Ìgbàkígbà tí olówó rẹ̀ bá ti fẹ́ fi í kún àwọn ẹrú tí wọ́n ń kó sọ̀kalẹ̀ lọ tà létí òkun, ńṣe ló máa ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ní láti ibí, òun mọ ọ̀nà ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò tíì pè é tán tó fi dìde. Ó ti lọ. Ẹni tó bá sì dé etí òkun kì í padà wá mọ́."

Ìgè jókòó sórí òkúta pẹrẹsẹ tí wọ́n ní Àwẹ̀ró máa ń jókòó lé. Àwọn obìnrin náà bu oúnjẹ fún un. Láti ọjọ́ tó ti mọ ìlú ńlá, kò tíì jẹ ohun tó dùn tó oúnjẹ náà. Ó gbọ́ bí ará Nupé àti ará Ìjẹ̀ṣà ṣe ń bú ara wọn lédè ara wọn, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ olóyè tí ìyàwó rẹ̀ ń nà, wọ́n mọ èyí tó ń lá àwo. Wọ́n ní Àwẹ̀ró ló máa ń sín gbogbo wọn jẹ, tí á fi igbá sábẹ́ aṣọ bí ikùn olóyè, tí á sì máa yan kiri láàárín ìkòkò. Ọ̀kan dìde, ó rìn ín fún Ìgè wò. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìgè. Ó rántí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Ìsàlẹ̀ yìí ni ìlú ti ń jẹun, tó ti ń sọ̀rọ̀, tó ti ń ṣeré. Ibẹ̀ sì ni ọmọ rẹ̀ ti gbé láàárín wọn gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Ọyádùnní kò fi irú náà sebẹ̀. Ó gbé e kọ́ sókè àrò títí ó fi le bí òkúta, pẹ̀lú ẹyọ ìgbálẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí ará abúlé bá sì wá bá Ìgè, tí wọ́n ní kó tún sọ ti ẹṣin ọba fún àwọn, láti inú ilé ni obìnrin náà yóò ti dáhùn pé, "Ẹ má bi í. Àlejò ni níbẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran." Kò fi ariwo sọ ọ́. Àwọn tó gbọ́ ọ ló gbé e rìn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa á. Wọ́n ń pa á fún ẹni tó dé ìlú onílùú, tó wo ohun tí wọ́n gbé síwájú fún un láti wò, tó sì padà wálé tó ń sọ pé òun mọ ibẹ̀. Wọ́n tún ń pa á fún ẹni tí ohun tó ń wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ohun tó ń dán kò jẹ́ kó rí i. Mo sọ ọ́ fún Ìtùnú bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní bí òun bá tún dé Èkó, òun á yà síbi èéfín. Mo ní ó dára. Mo ní bó bá débẹ̀, kó má di imú o, torí kò mọ ẹni tó ń wò ó láti ìsàlẹ̀.