Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró lẹ́nu ihò Òkété, níbi tí gbogbo ẹranko ń kó ekùrọ́ ẹ̀ẹ̀rùn pamọ́ sí.

Òkété tó ń ṣọ́ àká náà ní, "Àká ti wó. Ẹ dá ekùrọ́ mìíràn." Wọ́n dá a. Ó ní ó tún wó. Nígbà kẹta, inú bí Ọ̀kẹ́rẹ́, tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀. Ó kó ìlú lẹ́yìn lọ sẹ́nu ihò Òkété, ó dá orin:

"Ta ló jẹ ekùrọ́ wa?"
"Kì í ṣe èmi o!"

Gbogbo wọn ń gbè é, àfi Òkété.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Bàbá Òkété, ẹ bá wa gbè é."

Òkété lanu, ekùrọ́ dà wàrà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín sọ. Wọ́n wọ ihò, wọ́n bá àká tó dúró digbí, wọ́n pín ekùrọ́ inú rẹ̀ dọ́gba. Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ yó.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ àká ìlú á kọ́kọ́ gbe orin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é kí n gbọ́.