Ẹni Tó Dúró Sẹ́nu Ọ̀nà Tó Ṣí Sílẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí kì í rí ohun tí wọ́n tì pa kí inú rẹ̀ má ru. Adégoróyè lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ìyẹn àwọn ìlànà tí ẹ̀rọ náà ń kà kó tó mọ ohun tó máa ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ tiwọn, wọ́n ń tì í pa, wọ́n sì ń tà á. Ẹni tó rà á kò lè wo inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Mi ò bá wọn wí; kálukú ló ní ọ̀nà oúnjẹ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Adégoróyè kì í ti tirẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé gbogbo rẹ̀ sí, ní gbangba, kí ẹni tó bá wù lè kà á, kó mú un lọ, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn.

Ohun tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọgbọ́n ìwé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá. Irú ẹ̀jẹ̀ tó bá a lára mu wà ní ilé ìwòsàn kejì nínú ìlú kan náà, ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí ì bá sọ fún àwọn dókítà ti dákẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó tà á fún wọn ti kógbá wọlé, kò sì sí ẹni tó lè ṣí i wò. Kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ wá ẹ̀jẹ̀ náà kàn, obìnrin náà ti kú. Adégoróyè sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó jókòó, ó kọ ètò mìíràn, ó sì búra pé ohun tí ẹ̀mí ènìyàn bá rọ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tì í mọ́ra.

Ètò náà kò le. Ilé ìwòsàn tó bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú fíríìjì á kọ ọ́ síbẹ̀. Èyí tó bá ń wá ẹ̀jẹ̀ á béèrè níbẹ̀. Ètò náà á sọ ibi tó wà, á sì ní kí àwọn tó ni ín bá àwọn tó ń wá a gbé e pamọ́ títí wọ́n á fi dé. Ilé ìwòsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, òmíràn tẹ̀ lé e, títí ó fi kárí ìpínlẹ̀ mélòó kan. Àwọn ìyá wà tó ń gbọ́mọ jó lónìí, tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe ọkùnrin yìí ni, abẹ́ ilẹ̀ ni wọn ì bá wà. Jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: iṣẹ́ rere ló ṣe.

Wọ́n wá ń pè é káàkiri kó wá sọ̀rọ̀. Yunifásítì ń pè é, ìjọba ń pè é. Ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Á ní, "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ wọlé, ẹ bá mi tún un ṣe." Wọn á pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ sì dùn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Ó máa ń wọ ènìyàn dé inú egungun.

Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ wọn tó yẹ kí o mọ̀. Lóòótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni lè kọ àtúnṣe, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kì í ṣàdédé wọlé. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, títí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ á fi kà á, tí á sì gbà á wọlé. Àṣà tó dára ni. Bí gbogbo ọwọ́ bá kàn ń bọ inú ìkòkò kan ṣáá, ẹni tó fẹ́ ba ọbẹ̀ jẹ́ náà á rí àyè. Ọwọ́ Adégoróyè nìkan ni kọ́kọ́rọ́ yìí wà.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ó ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nítorí ètò tí Adégoróyè ṣí sílẹ̀ yìí ló fà á wọ inú rẹ̀. Ó wá ṣàkíyèsí ohun kan lẹ́nu iṣẹ́. Bí ilé ìwòsàn méjì bá béèrè ẹ̀jẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ètò náà á ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Ọ̀kan á dé, á gbé e. Èkejì á sáré lójú ọ̀nà, á dé, á bá fíríìjì lófìfo. Ìbídùn ka inú ètò náà títí ó fi rí ibi tí àṣìṣe wà. Ó kọ àtúnṣe, ó dán an wò, ó sì fi ránṣẹ́.

Adégoróyè kà á. Àtúnṣe náà tọ̀nà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jọ tirẹ̀. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀: bó ṣe máa ń to ìlà, bó ṣe máa ń fi àyè sílẹ̀, bó ṣe máa ń sọ nǹkan lórúkọ. Ti Ìbídùn dà bí oúnjẹ ilé ẹni tí wọ́n bù sínú abọ́ ará ibòmíràn. Ó dáhùn pé, "Ẹ ṣeun. Ẹ tún un tò dáadáa kó tó wọlé."

Ìbídùn tún un tò. Adégoróyè tún dá a padà; ó ní orúkọ tó fún nǹkan kan nínú rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ìbídùn yí orúkọ náà padà, ó sì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà yẹn, ọkùnrin wa ti wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ó lọ sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Àtúnṣe náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Àkókò òjò bẹ̀rẹ̀, àkókò òjò sì parí, ó ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ìbídùn bínú nítorí rẹ̀. "Kí lo tún ń bẹ̀ ẹ́ fún?" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹni tó bá wù mú un lọ. Mú un, kó o dá tìẹ sílẹ̀."

"Bí mo bá dá tèmi sílẹ̀," Ìbídùn dáhùn, "ilé ìwòsàn kan á máa lo ti Ọ̀gbẹ́ni Adégoróyè, òmíràn á máa lo tèmi. Ẹ̀jẹ̀ tó bá wà lọ́hùn-ún, àwọn tó wà níbí ò ní rí i. Ta ni mo wá ṣe lóore nígbà yẹn?" Nítorí náà ó dúró. Dídúró náà sì ń dùn ún, torí ó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Ọ̀rẹ́ Adégoróyè kan nínú iṣẹ́ náà pè é lórí fóònù. "Adé, fún nọ́ọ̀sì yẹn ní kọ́kọ́rọ́ kan. Iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún ìwọ nìkan."

"Màá fún un. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ ná. Ẹni tuntun ni."

Kò purọ́, ẹni tuntun ni Ìbídùn lóòótọ́. Ohun tí kò sọ ni pé bó bá ti rò ó pé ọwọ́ ẹlòmíràn á wà nínú iṣẹ́ tóun fi omijé ṣe, ẹ̀rù máa ń bà á. Ó ń pe ẹ̀rù yẹn ní ìṣọ́ra. Èmi náà kò mọ ẹni tí kì í fún ẹ̀rù ara rẹ̀ lórúkọ tó dára.

Lọ́jọ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ náà dùn lọ́jọ́ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí àtẹ́wọ́ ṣe ń rọlẹ̀, ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn. Kì í ṣe ara àwọn oníkọ̀ǹpútà. Bíríkìlà ni, sìmẹ́ńtì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ló wí. "Ìyàwó mi ló bímọ lóṣù tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dá. Kọ̀ǹpútà ní ẹ̀jẹ̀ wà ní ọsibítù kejì, pé wọ́n ti bá wa gbé e pamọ́. Èmi ni mo gun ọ̀kadà lọ gbà á. Nígbà tí mo máa débẹ̀, ẹlòmíràn ti gbé e lọ, wọ́n ti ṣèlérí ẹ fún òun náà. Kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi..." Kò lè parí rẹ̀.



"Mi ò wá bá yín jà o, sà," bíríkìlà náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìbéèrè ni mo gbé wá. Àna mi kan mọ̀ nípa iṣẹ́ yín. Ó fi hàn mí lórí fóònù pé nọ́ọ̀sì kan ti tún ibi tó bàjẹ́ yẹn ṣe, tipẹ́tipẹ́, pé ọ̀dọ̀ yín ló wà. Ṣé òótọ́ ni?"

Adégoróyè ì bá fẹ́ kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ wà ní gbangba bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ kó wà: ohun tí Ìbídùn kọ, àti ohun tí òun fi dá a lóhùn. "Òótọ́ ni," ló wí.

"Ṣé kò tún un ṣe dáadáa ni?"

"Ó tún un ṣe dáadáa."

"Àbí kò lè ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó lè ṣiṣẹ́."

"Kí ló wá ṣe é, sà?"

"Bó ṣe tò ó ni," ni Adégoróyè wí.

"Bó ṣe tò ó," bíríkìlà náà tún un wí, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lọ́wọ́ tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí. "Ẹ ní ilẹ̀kùn yín ṣí, sà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ dúró sí àárín ẹ̀." Ó sì jókòó.

Adégoróyè ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí tábìlì níwájú gbogbo wọn, ó tẹ ibì kan, àtúnṣe Ìbídùn sì wọlé. Kò gbà ju ìgbà tí ènìyàn fi ń sín lọ. Ìyẹn gan-an ló dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn, pé kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Láti ibẹ̀, ó kọjá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó bá Ìbídùn níwájú ilé ìwòsàn rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí òun lè bí lọ́mọ.

"Ẹ dìde, sà, ẹ jọ̀ọ́," Ìbídùn wí. "Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Èmi kọ́ ni mo kú."

"Kọ́kọ́rọ́ ni mo gbé wá fún ọ, ọmọ mi."

"Mi ò ní dá a gbà, sà. Bí ẹ bá yọwọ́, tó ku èmi nìkan, bó pẹ́ bó yá, èmi náà á di ẹ̀yin. Ẹ jẹ́ kí àwa mélòó kan jọ mú un, kí àtúnṣe tiyín náà sì máa dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi ti gbogbo ayé."

Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu ọmọdé sí àgbà, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Àtúnṣe àkọ́kọ́ tó kọ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dá a padà fún un, nítorí ó ṣì í kọ níbì kan. Ó jókòó tì í, inú bí i, lẹ́yìn náà ó tún un kọ. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ láti ìgbà yẹn nìyẹn, ó sì ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bíríkìlà kò rí ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Mo sọ èyí fún ọ nítorí pé ènìyàn rere ni ọ́. Ẹni burúkú kò nílò rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ti ilẹ̀kùn. Ìwọ tí o fi ẹ̀jẹ̀ àti òógùn dá nǹkan sílẹ̀ ni mò ń bá wí, ìbáà ṣe ẹgbẹ́, ìbáà ṣe ilé ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe ilé ìdáná rẹ. O ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé o ń wá olùrànlọ́wọ́, pé ó ti rẹ̀ ọ́. Ó sì rẹ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùrànlọ́wọ́ dé, o ní kò gbálẹ̀ bí o ṣe ń gbá a, o sì gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wo gbogbo ohun tí o dá padà lọ́dún yìí, kí o sì bi ara rẹ léèrè láìṣojúsàájú: ṣé kò dára ni, àbí kò kàn jọ tèmi?

Ẹnì kan wà tó ti ṣe iṣẹ́ tó yẹ, tó sì ń retí "bẹ́ẹ̀ ni" láti ẹnu rẹ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá máa bàjẹ́ kò ní dúró dè ọ́. Lọ dá a lóhùn.