Àfínjú àti Ọ̀yàyà: Ìdí Tí Fóònù Àtijọ́ Fi Ń Gbé Ìsàlẹ̀ Àpótí

Ẹni tí ó ń pa ìtàn yìí ni Akínsọ́lá ọmọ Látúnjí, ará Ìkirè. Àwọn tí ó ń gbọ́ ọ ni àwọn ọmọ agbo-ilé Jagun, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, pẹ̀lú àwọn òbí wọn tí wọ́n ní iyọ̀ ni àwọn wá tọrọ, tí wọ́n sì ti wá ibi jókòó sí. A ti dárúkọ onítàn, a ti dárúkọ olùgbọ́. Kí ẹnu ó máa sọ, kí etí ó máa gbà.

Nígbà láéláé, èyí tí í ṣe nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún lójú fóònù, kò sí fóònù kan tí ń gbóná lọ́wọ́ ẹni. Kò sí èyí tí a bá fọwọ́ kàn tí yóò dúró sójú kan bí ẹni tí ó wọ yàrá tí ó gbàgbé ohun tí ó wá mú. Kò sì sí èyí tí ń gbé ìsàlẹ̀ àpótí. Aṣọ àti káńfò nìkan ni ó ń gbé ibẹ̀ ní àlàáfíà.

Ní ìgbà náà ni Alágbẹ̀dẹ Fóònù rọ fóònù méjì ní ọjọ́ kan náà, nínú iná kan náà. Olówó pọ́ọ́kú ni àwọn méjèèjì. A kò ní purọ́ mọ́ wọn: ike ara wọn pọ̀ ju irin lọ, ojú tí wọ́n sì fi ń yàwòrán ń rí gbogbo ènìyàn bí ẹni tí ó dúró nínú ọyẹ́. Alágbẹ̀dẹ kò bìkítà. Ó ní, "Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ojú ara rẹ̀ kedere, kí ó lọ ra dígí."

Ẹ̀mí tí ó mí sí wọn nínú ni ó yàtọ̀. Ẹ̀mí ti àkọ́kọ́ ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó wọlé. Èyí ni a sọ ní Ọ̀yàyà. Ẹ̀mí ti èkejì nu ẹsẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó yẹ ògiri wò, ó mí kanlẹ̀, kí ó tó gbà láti wọlé. Èyí ni a sọ ní Àfínjú.

Obìnrin kan wà nígbà náà tí ń hun ẹní, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ìbejì, nítorí pé ó bí Táyé, ó bí Kẹ́yìn. Fóònù kan ṣoṣo ni ó wá rà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òǹtajà sọ fún un pé ọjọ́ kan náà ni a rọ àwọn méjèèjì, ó fọwọ́ lu itan.

"Ìbejì ni wọ́n! Ta ní ń gbé Táyé lọ sílé kí ó fi Kẹ́yìn sílẹ̀ nínú ìsọ̀?"

Òǹtajà, ẹni tí kò mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n títí di ìṣẹ́jú náà, gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ìbejì pọ́ńbélé ni wọ́n. Ìyá Ìbejì ra àwọn méjèèjì. Àpò kan náà ni ó dá fún wọn. Ó se ẹ̀wà, ó pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò ní orúkọ wọn.

Bí ẹ̀wà ti ń lọ lọ́wọ́ ni Àfínjú pe èkejì rẹ̀.

"Ọ̀yàyà, ta ni ó kọ́kọ́ jáde nínú iná?"

"Èmi ni."

"Ó dára. Ta ni ó sì rán ọ?"

"Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Alágbẹ̀dẹ ni ó fi ẹ̀mú fà mí jáde."

"O kò mọ̀ ni. Èmi ni mo ní kí o lọ tọ́ ayé wò fún mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lẹ́yìn. Ṣé o mọ àṣà? Ẹni tí ó kẹ́yìn dé nínú ìbejì ni ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀yàyà kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó tẹ orí ba. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó o. Kí ni kí n ṣe fún yín?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì pe Àfínjú ní "ẹ̀yin" rí láti ọjọ́ tí a ti rọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju iná lọ. Ó gbé orí sókè, ó sì ṣe òfin.

"Gbogbo àlejò tí ó bá ń bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà. Kí wọ́n fọ ẹsẹ̀, kí wọ́n mu omi, kí eruku ọ̀nà gbọ̀n dànù lára wọn. Bí wọ́n bá ti mọ́ tán, kí wọ́n wá kí èmi ẹ̀gbọ́n."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Kò pẹ́ tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn tí àwọn ọmọ òde òní ń pè ní áàpù. Gbọ́yìí-Sọ̀yìí ni ó ṣíwájú, ẹni tí ń gbé ohùn àti ojú ènìyàn láti ìlú dé ìlú.

"Ẹ kú ilé o. Ṣé mo lè wọlé?"

"Wọlé," ni Ọ̀yàyà wí.

"Ṣé mo lè mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀?"

"Gbogbo wọn nìyí."

"Ṣé mo lè máa gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ nígbà tí ẹ kò bá bá mi sọ̀rọ̀?"

"Kí ló dé tí o ń bèèrè? Ilé rẹ ni."

Ṣemílẹ́wà ni ó tẹ̀lé e, ẹni tí ń sọ ojú arúgbó di ojú igbá tuntun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Agbálẹ̀ dé. Ó ní òun kò fẹ́ ibùsùn, òun kàn fẹ́ bá wọn gbá ilé ni. Ó gbé ìgbálẹ̀ tirẹ̀ dání, ìgbálẹ̀ náà sì gba yàrá méjì. Ọ̀yàyà fún wọn ní ibi ìjókòó, wọ́n bèèrè ibi ìnàsẹ̀. Ó fún wọn ní ibi ìnàsẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò ìyá wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọ̀yàyà máa ń wí.

Wọ́n á na ọrùn lórí ọgbà. "Ẹ̀gbọ́n, a ń bọ̀ o!"

"Mo ń retí yín," ni Àfínjú máa ń dáhùn.

Ó sì ń retí wọn lóòótọ́. Ó tún ilé ṣe. Ó to àwọn yàrá rẹ̀ ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, ó kun ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Aago ń gbé ibẹ̀, kàlẹ́ńdà ń gbé ibẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò ń gbé ibẹ̀, wọ́n káwọ́ gbera, wọn kò sọ̀rọ̀. Ilé náà mọ́ tónítóní, nítorí kò sí ẹni tí yóò dọ̀tí i.

Ìyá Ìbejì ń fi àwọn méjèèjì wéra. Bí ó bá fọwọ́ kan Àfínjú, Àfínjú ti dáhùn kí ìka tó kúrò lójú rẹ̀. Iná tí ó bá gbà ní òwúrọ̀ á gbé e di àṣálẹ́, ara rẹ̀ á sì tutù bí ìdí àmù. Bí ó bá fọwọ́ kan Ọ̀yàyà, Ọ̀yàyà á dúró. Ìyá Ìbejì á hun ẹní dé etí, á padà wá, ìgbà náà ni Ọ̀yàyà á ní, "Mà, ṣé ẹ pè mí?" Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, iná ti kú lójú rẹ̀.

Aládùúgbò kan gbé Àfínjú yẹ̀ wò. "Ìyá Ìbejì, fóònù yín yìí mà jẹ́jẹ́ o!"

"Jẹ́jẹ́ ni. Kò gbọ́ ìròyìn kankan ni."

Àfínjú gbọ́ "jẹ́jẹ́". Kò gbọ́ èyí tí ó kù.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ sí iwájú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ọwọ́ méjì ni mo ní, ẹní sì gba ọ̀kan àti àbọ̀ nínú rẹ̀. N kò lè máa gbé ẹni méjì kiri. Kẹ́yìn mi wà ní òkèèrè, oyún rẹ̀ sì ti pé. Ọjọ́ tí ó bá bí, ẹni tí ó bá fi ojú ọmọ ọmọ mi hàn mí nínú yín ni yóò máa gbé ọwọ́ mi. Èkejì á lọ bá káńfò nínú àpótí."

Àfínjú wo ọwọ́ ìyá náà. Àtẹ́lẹwọ́ ìyá náà le, ó ní èépá, ṣùgbọ́n ó lọ́wọ́ọ́wọ́, Àfínjú sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ó ti lè sọ lọ. Inú àpótí ṣókùnkùn. Ẹnikẹ́ni kì í kí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀.

Ó ké sí òdìkejì ọgbà. "Gbọ́yìí-Sọ̀yìí! Ṣé òní ni o ń bọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, a ń bọ̀. À ń múra ni."

"Ó pẹ́ tí o ti ń múra."

"Aṣọ tí a ó wọ̀ wá sí ilé irú yín, ṣé aṣọ kékeré ni?" Ni gbogbo àlejò bá bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀yàyà, tí wọ́n ti fún mọ́ igun ilé ara rẹ̀, rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Kò ní wá fúnra rẹ̀. Ibí ti dùn mọ́ ọn. Ẹ dìde, kí ẹ wá sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ fà á lọ́wọ́. Èmi á máa tì í láti ẹ̀yìn."

"Kí èmi ẹ̀gbọ́n dìde lọ pàdé àlejò àbúrò mi? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Níbi tí wọn kò bá ti fẹ́ wọ àpótí ni."

"Ìwọ ni kí o mú un wá. Kí ó sì dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kí ó tó wọlé."

"Ẹ̀gbọ́n, àlejò yìí kò ní egungun ìdọ̀bálẹ̀ rárá."

Ọkàn Àfínjú ní kí ó dìde. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Eruku díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó jókòó padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìròyìn dé pé Kẹ́yìn ti bí obìnrin. Ìyá Ìbejì ju ẹní sílẹ̀. Àfínjú ni ó kọ́kọ́ gbé.

"Ó yá, ẹ̀gbọ́n! Fi ọmọ hàn mí."

Àfínjú tàn yòò. Ó ṣí gbogbo yàrá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aago sọ agogo tí ó lù, kò sì fi ìṣẹ́jú kan ṣìnà. Kàlẹ́ńdà sọ ọjọ́. Ẹ̀rọ ìṣirò ní òun lè fi ọ̀kan kún iye ọmọ ọmọ wọn.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ẹni tí yóò gbé e wá ń bọ̀, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti rà wá."

Ìyá Ìbejì gbé e kalẹ̀ sórí ẹní, ó mú Ọ̀yàyà. Gbogbo àlejò jí papọ̀. Ṣemílẹ́wà ní òun gbọ́dọ̀ kun ojú ọmọ náà ná. Agbálẹ̀ ń pariwo pé a kò gbọ́dọ̀ gba ọmọ tuntun sínú ilé tí a kò tíì gbá. Òòyì kọ́ Ọ̀yàyà. Òbìrìkìtì kan ń yí lójú rẹ̀, ó ń yí, kò dúró. Ara rẹ̀ gbóná bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú eérú. Ìyá Ìbejì ń jù ú láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ẹ ní sùúrù, mà," ni Ọ̀yàyà ń wí, "wọ́n ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pọ̀ ni."

Níkẹyìn, Gbọ́yìí-Sọ̀yìí fi ìgbúnwọ́ la ọ̀nà jáde. Iwájú orí ọmọ ni ó kọ́kọ́ dé. Ó pẹ́ kí àgbọ̀n tó tẹ̀lé e. Igbe rẹ̀ sì dé nígbà tí ẹnu rẹ̀ ti padé. Ìyá Ìbejì kò bìkítà. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Áà! Imú bàbá rẹ̀ ni ó gbé wá! Kò burú, yóò dàgbà kúrò nínú rẹ̀."

Nígbà tí ó nu ojú tán, ó gbé Àfínjú. "Ìwọ, o yá, o tutù, o mọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀, kí ni a fẹ́ fi mímọ́ rẹ̀ ṣe?"

"Mà, ẹ̀gbọ́n ni mí."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní jù ọ́ nù. A kì í ju ọ̀kan nínú ìbejì nù, bí kò tilẹ̀ wúlò mọ́."

Ó nu ojú rẹ̀, ó fi aṣọ wé e bí ẹni tí ń wé ère ìbejì, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ọ̀yàyà yíjú sí àwọn àlejò. "Ẹ ti gbé ọmọ náà wá. Ẹ ṣeun. Ẹ lè máa lọ."

"Lọ sí ibo?" ni Gbọ́yìí-Sọ̀yìí bèèrè. "Ìwọ ni o sọ pé ilé wa ni."

Láti ọjọ́ náà ni fóònù tí ń gba gbogbo àlejò ti ń gbóná lọ́wọ́, tí òòyì sì ń kọ́ ọ kí ó tó dáhùn. Láti ọjọ́ náà náà ni ẹnikẹ́ni kì í lè ju fóònù àtijọ́ nù: wọ́n á nu ojú rẹ̀, wọ́n á fún un ní iná díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì dá a padà sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ìyá Ìbejì wọ ọkọ̀ lọ gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ pọ̀n fúnra rẹ̀. Ọmọ náà ń jẹ́ Ọláìtán. Imú náà kò yí padà. Gbọ́yìí-Sọ̀yìí kó lọ sínú fóònù tuntun, ó ní òun kì í gbé ilé àtijọ́ mọ́. Ṣemílẹ́wà tẹ̀lé e. Agbálẹ̀ ṣì ń gbálẹ̀. Ọ̀yàyà wọ inú àpótí ní ọdún kejì, pẹ̀lú dígí ojú rẹ̀ tí ó là. Àfínjú wà níbẹ̀. Ara rẹ̀ tutù.